Ìdánimọ̀ Láìsí Ìfọkàntán: Lámèyítọ́ Kan lórí Ètò Nọ́ńbà Ìdánimọ̀ ní Nàìjíríà

Ọjọ́ ti pẹ́ tí iṣẹ́ lámèyítọ́ ní ẹ̀ka wa ti dúró lórí ewì, ìtàn àròsọ àti eré onítàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò gbé òfin tàbí ìkéde ìjọba kalẹ̀, tí yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ní olùsọ, ó ní olùgbọ́, ó sì ní ohun tí ó fi pa mọ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ètò nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NIN, èyí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi ń kó orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àwọn ará ìlú sínú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ó fà á tí àwọn ènìyàn fi forúkọ sílẹ̀ tí wọn kò sì fọkàn tán ètò náà?

Ìdáhùn kan wà tí ó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn aláṣẹ, àti lẹ́nu àwọn kan nínú àwa ọ̀mọ̀wé pàápàá. Wọ́n ní àìmọ̀kan ni. Wọ́n ní ojú àwọn ènìyàn kò tíì là, àti pé bí a bá ti là wọ́n lọ́yẹ tán, gbogbo rẹ̀ yóò yanjú. A kò gba ìdáhùn yìí wọlé. Lérò tiwa, àìfọkàntán tí à ń wí yìí jẹ́ ìdájọ́, a sì gbé ìdájọ́ náà ka orí ìlànà kan tí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn Yorùbá kí kọ̀ǹpútà tó dé, ìlànà tí a fi ń mọ ẹni tí a lè fi nǹkan pa mọ́ sí lọ́wọ́. Ìlànà náà ni pé ẹni tí ó bá mọ̀ mí, kí èmi náà lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá sì ń kọ nǹkan nípa mi, kí n lè rí ohun tí ó kọ.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ètò náà ní Yorùbá. Ìdánimọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe dá...mọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ṣe é là sí méjì kí àbọ̀ wọn sì bọ́ sí àárín. Bí a bá wo bí a ṣe ń lò ó, a ó rí i pé kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú mọ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí lónìí, mo lè mọ̀ ọ́n lónìí. Ṣùgbọ́n n kò lè dá a mọ̀ àfi bí a bá tún pàdé. Nínú gbólóhùn bíi "Mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀" tàbí "Ojú rẹ̀ ti yí padà, n kò dá a mọ̀ mọ́", ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu. Àjèjì kì í dá ni mọ̀. Ńṣe ni ó máa ń bi ni léèrè ẹni tí a jẹ́.

Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn gírámà lásán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ní kí ó wá forúkọ sílẹ̀ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí pé kò sí akọ̀wé ìjọba kankan nítòsí nígbà tí wọ́n bí wọn. Ìjọba tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ ni ó dé ní ọjọ́ alẹ́ tí ó ní òun fẹ́ dá wọn mọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò béèrè nínú ara rẹ̀ pé: níbo ni a ti pàdé rí?

Ohun mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìhun ìdánimọ̀, ẹni ni àbọ̀. Olùṣe kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tí a ń dá mọ̀ hàn kedere, ẹni tí ń dá ni mọ̀ fara sin. A kò sọ pé àwọn tí ó tú ọ̀rọ̀ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí orúkọ tí ó bá ètò kan mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ìfọkàntán, kí a má ṣe pò ó pọ̀ mọ́ ìgbàgbọ́. A lè gba ènìyàn gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan kí a má fọkàn tán an lórí òmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà gbọ́ pé ìjọba lè kó ìtẹ̀ka gbogbo wa jọ, ó sì ti kó o jọ: iye àwọn tí ó ti gba NIN ti lé ní mílíọ̀nù 100. Àwọn ènìyàn kan náà kò fọkàn tán an pé kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ka iye orúkọ tí ó wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìfọkàntán, nǹkan mìíràn ni ó ń kà.

Káàdì alájọ

Àwọn Yorùbá kò ṣàìní ọ̀nà ìdánimọ̀ tiwọn. Ilà ojú wà, bíi àbàjà, gọ̀mbọ́, pélé àti tùrè. Oríkì orílẹ̀ wà. Àrokò sì wà fún ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn aṣáájú wa ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ìwọ̀nyí, a kò sì ní tún un ṣe. A kàn fẹ́ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìgbà àtijọ́ yangàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ogun abẹ́lé ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilà kan náà tí ó jẹ́ kí ará ilé dá ọmọ wọn mọ̀ ni ó jẹ́ kí ọ̀tá mọ ẹni tí yóò kó lẹ́rú. Síbẹ̀, ilà wà lójú gbogbo ayé, ẹni tí ó sì ń ka tẹlòmíràn ní tirẹ̀ lójú tí a lè kà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni iṣẹ́ alájọ. Alájọ a máa rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lójoojúmọ́, a máa gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, a sì máa fi pa mọ́ fún wọn títí di ìparí oṣù. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní káàdì pélébé kan tí a pín sí ojú kéékèèké, ojú kan fún ọjọ́ kan. Bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, alájọ yóò sàmì sí ojú ọjọ́ náà, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí oṣù bá parí, alájọ yóò yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì dá ìyókù padà. Kí a kíyè sí ibi tí káàdì náà ń sùn: ilé oníbàárà ni. Àkọsílẹ̀ méjì ni ó wà, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí ó gba nǹkan, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ìyá tí kò mọ̀wé kà mọ iye àmì tí ó wà lórí káàdì rẹ̀.

A kò sọ pé gbogbo alájọ ni olóòótọ́. Àwọn kan ti kó owó sá lọ rí, ọjà sì gbóná. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó gba alájọ láàyè, ẹnìkan tí a mọ̀ ti dúró fún un. Bí ó bá di ọ̀ràn, a mọ ilé onígbọ̀wọ́. Alájọ Ṣómólú, ẹni tí ó kú ní ọdún 2012, di àpèjúwe ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nítorí pé orí rẹ̀ pé, ó ń rántí owó àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn aláwàdà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ta mọ́tò fi ra kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí kẹ̀kẹ́ dé nínú àwọn àdúgbò tóóró, mọ́tò kò lè débẹ̀, ẹni tí a bá sì rí lójoojúmọ́ ni à ń fi owó sí lọ́wọ́.

Èdè wa tún ṣe nǹkan kan tí ó yẹ kí a dúró wò. Àjọ ni à ń pe owó tí a dá jọ. Àjọ náà ni à ń pe ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ kan. NIMC, tí ó ń rí sí ètò ìdánimọ̀, àjọ ni. Ohun tí àwọn ará ìlú ń béèrè lọ́wọ́ àjọ kejì yìí kò ju ohun tí wọ́n ti ń rí gbà lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́ lọ.

Lè àti gbọ́dọ̀

Ẹ jẹ́ kí a ka òfin náà báyìí. Ọdún 2007 ni a ṣe òfin tí ó dá NIMC sílẹ̀. Apá 26 rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó lè rí àkọsílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí ohun tí a kọ nípa ẹnìkan láìgba àṣẹ. Àṣẹ ta ni? Àṣẹ àjọ náà ni, kì í ṣe àṣẹ ẹni tí ó ni ojú àti ìka. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni pé àjọ náà lè fi àkọsílẹ̀ ènìyàn hàn fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀, nítorí ààbò orílẹ̀-èdè, nítorí ìdènà tàbí ìtọpinpin ìwà ọ̀daràn, àti nítorí ìdí mìíràn tí ìlànà bá là sílẹ̀. Ìdí méjì àkọ́kọ́ ní ààlà díẹ̀. Ẹ̀kẹta kò ní.

Apá 27 ni ó ka àwọn ibi tí nọ́ńbà náà ti di dandan: ìwé ìrìnnà, àkáǹtì ní báǹkì, ilẹ̀ rírà, owó ìfẹ̀yìntì, owó orí, ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò àti àwọn mìíràn. Bí a bá fi àwọn apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn tí a sì tú wọn sí Yorùbá, a ó rí i pé gbọ́dọ̀ ni ó ń tẹ̀lé ará ìlú káàkiri, nígbà tí ó jẹ́ pé lè ni ó ń tẹ̀lé àjọ. Ọ̀kan ni a pa láṣẹ fún, èkejì ni a fún láàyè. Kò sí ibì kankan nínú àwọn apá méjèèjì tí a ti sọ fún àjọ náà pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ mọ ẹni tí ó wo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àjọ nìkan ni káàdì ń sùn.

Òótọ́ ni pé òfin ti rìn díẹ̀ láti ìgbà náà. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a kọ nípa rẹ̀ àti láti ní kí a tún un ṣe. Ó tún ní kí ẹni tí àkọsílẹ̀ bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ jẹ́ kí àjọ alábòójútó gbọ́ láàárín wákàtí 72. Èyí jẹ́ ìtẹ̀síwájú, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 16 ni ó wà láàárín òfin tí ó ní kí a kó o jọ àti òfin tí ó ní kí a dáàbò bò ó, ohun tí ó sì ti kọ́kọ́ wọ àwọn ènìyàn létí ni wọ́n ń rántí.

Ohun tí ara ń rántí

Ìrántí náà ju ọdún 2007 lọ fíìfíì. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀, àwọn òyìnbó amúnisìn sì pè é ní ìgbàgbọ́ asán. Àwọn Ẹ̀gbá rí ohun tí ó wà lẹ́yìn kíkà. Owó orí tuntun àti iṣẹ́ àfipáṣe wà lára ohun tí ó dá Ogun Àdùbí sílẹ̀ ní ọdún 1918. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1940, àwọn agbowó-orí ní Abẹ́òkúta a máa tú àwọn ọmọdébìnrin síhòòhò láti fi wo ara wọn mọ̀ bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tí ń san owó orí. Ọ̀kan lára ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn, gbé dìde ní ọdún 1947 nìyẹn. Ní ọdún 1948 ni Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ fún wọn.

A mọ̀ọ́mọ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú a máa sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara ènìyàn bí ẹni ń kàwé. Kì í ṣe àná. Ara àwọn ọmọbìnrin Abẹ́òkúta ni ìwé ọjọ́ ìbí tí àwọn agbowó-orí kà, wọn kò sì tọrọ ààyè.

Ní ti ètò ìkànìyàn, ìjọba fúnra rẹ̀ kì í gba ohun tí ó kà gbọ́. Ó fagi lé ti ọdún 1962, ó tún òmíràn kà ní 1963; ó ka ti 1973, ó sì fagi lé e ní 1975. Ní ọdún 2006, àjọ ìkànìyàn ní ènìyàn 9,013,534 ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Èkó ka tirẹ̀, ó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Èyí tí ó yẹ kí ó wáyé ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú. Ìjọba méjì ń ka ìlú kan, ìyàtọ̀ wọn ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń ya ẹnu sí àgbẹ̀ tí ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ òun ṣe.

Ètò káàdì pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 2001 ni a gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ Faransé kan tí à ń pè ní Sagem ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 214 owó dọ́là. Kí ọdún 2003 tó parí, ẹ̀sùn rìbá lórí iṣẹ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jẹ mínísítà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, a tún gbé káàdì mìíràn jáde, àmì iléeṣẹ́ Mastercard sì wà lára rẹ̀. Àwọn kan bínú, wọ́n fi wé àmì tí à ń jó sára ẹrú. Àwọn aláṣẹ ní owó ni káàdì náà yóò máa gbà ní báǹkì, nítorí náà kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. A gbà pé àfiwé ẹrú yẹn le díẹ̀. Síbẹ̀, ó wúlò fún ìjíròrò wa, nítorí pé ilà tí àwọn baba kọ sí ọmọ lójú fi ibi tí ọmọ ti wá hàn. Àmì tí ẹlòmíràn fi sí ni lára a máa fi ẹni tí ó ni ni hàn.

Ọgọ́rùn-ún náírà

Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2020, ní àkókò tí àrùn kòrónà tún ń gbilẹ̀, àwọn aláṣẹ ìbánisọ̀rọ̀ kéde pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ so NIN mọ́ síìmù tẹlifóònù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó dí i pa. Àwọn èrò ya lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ lójú àrùn. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún sún un léraléra. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n wá dá ìpè dúró lórí àwọn síìmù tí a kò tíì so, wọ́n sì lé ní mílíọ̀nù 72. Ẹni tí ó mọ bí aláàárù, aláta àti awakọ̀ ṣe ń fi tẹlifóònù rí oúnjẹ òòjọ́ yóò mọ ohun tí a gé.

Ìdí tí wọ́n sọ ni ààbò: bí a bá mọ ẹni tí ó ni síìmù kọ̀ọ̀kan, a ó rí àwọn ajínigbé mú. Ìdí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú dán an wò lọ́nà tiwọn. Lẹ́yìn tí wọ́n so síìmù tán, àwọn ajínigbé ṣì ń fi tẹlifóònù pe àwọn ẹbí láti béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ẹni tí a sọ pé òun ni a torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí ń sọ̀rọ̀ lọ, aláta ni síìmù rẹ̀ kú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ wá gba ibòmíràn yọ. Ẹgbẹ́ Paradigm Initiative, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde pé ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń ta àkọsílẹ̀ NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọgọ́rùn-ún náírà. Wọ́n ní àwọn ra ti mínísítà tí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àjọ NIMC fèsì pé kò sí ẹni tí ó já wọ inú ibi ìpamọ́ òun, pé ibẹ̀ dúró ṣinṣin, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n yé fi nọ́ńbà wọn sílẹ̀ níbi tí kò tọ́.

Èsì yìí tọ́ sí àyẹ̀wò, nítorí pé nínú rẹ̀ ni ìfọkàntán ti yìnrìn jù lọ. Ohun tí àwọn ènìyàn béèrè ni: ta ni ó gbé e jáde? Ohun tí a fi dá wọn lóhùn ni: ẹnikẹ́ni kò já ilẹ̀kùn wa. Ó ṣeé ṣe kí èsì náà jẹ́ òtítọ́ látòkèdélẹ̀ kí ó má sì dáhùn ìbéèrè rárá. Ilé tí a fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, báǹkì, iléeṣẹ́ tẹlifóònù, àwọn aṣàyẹ̀wò tí ó gba ìwé àṣẹ, kò nílò kí olè já a. Ní ìlànà alájọ, bí owó bá dín, kò sí ẹni tí yóò fetí sí i pé àpótí alájọ kò fọ́. Ìwé ni a ó ṣí. Ìkìlọ̀ tí ó tẹ̀lé e pàápàá tún dá ẹ̀bi náà padà sórí ẹni tí ó ni nọ́ńbà. Ẹni tí òfin ní kó fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn níbi mẹ́wàá ni a wá ń bá wí pé ó fi í hàn jù.

Orúkọ àti owó àtúnṣe

Bí ọ̀rọ̀ orúkọ kò bá jẹ àwa tí a wà ní ẹ̀ka èdè lógún, a kò mọ ẹni tí yóò jẹ lógún. Lẹ́tà ńlá ni a fi ń tẹ orúkọ sórí ìwé NIN, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. Ọ di O, Ṣ di S. Àwọn kan ti ń fi Sh rọ́pò Ṣ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà Ṣọlá jẹ́ Shola nínú ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, ó jẹ́ Sola ní báǹkì, kọ̀ǹpútà sì rí ènìyàn méjì. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, tí NIN ti di dandan fún láti ọdún 2021, lè pàdánù ọdún kan nítorí lẹ́tà h. Ìlànà orúkọ wa fúnra rẹ̀, àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì, ni a ní kí ó wọ inú àlàfo mẹ́ta tí a pín fún àṣà orúkọ ẹlòmíràn. Ibo ni Àdùkẹ́ yóò gbà wọlé?

Ọjọ́ ìbí le ju èyí lọ. Àgbàlagbà tí ó mọ̀ pé wọ́n bí òun ní ọdún tí ọba kan wàjà ni a ní kí ó mú ọjọ́, oṣù àti ọdún wá. Akọ̀wé a máa bá a yan ọ̀kan. Bí èyí tí ó yàn kò bá bá ti ìwé ìfẹ̀yìntì mu, àtúnṣe ni ó kù. Ní ọdún 2025, owó tí àjọ náà ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ṣe di ₦28,574. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, ọgọ́rùn-ún náírà ni àlejò rà á lọ́jà. Bí ẹni tí ó ni ín bá fẹ́ kí ọjọ́ kan péré nínú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé ètò náà wúlò. Ó wúlò. Ètò BVN ti àwọn báǹkì, tí ó jọ ọ́, wà lára ohun tí ìjọba lò ní ọdún 2016 nígbà tí ó kéde pé òun yọ ayédèrú òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 23,000 kúrò nínú ìwé owó oṣù. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé yóò rí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbà láìsí pé ó ń bẹ akọ̀wé. Àwọn tí ń sọ pé kí a pa ètò náà rẹ́ pátá kò ṣe tiwa. Àwọn tí ń sọ pé ìfipáṣe nìkan ni ó lè mú un kẹ́sẹ járí ni a kò gbà fún. Ní Kẹ́ńyà, àwọn ará ìlú gbé ètò Huduma Namba lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, adájọ́ ní kí ìjọba dúró títí òfin tí ó péye yóò fi wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ tún sọ pé gbígbé káàdì náà jáde kò bófin mu, nítorí pé ìjọba kò kọ́kọ́ yẹ ewu tí ó wà nínú rẹ̀ fún àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn wò. Kò sí ẹni tí ó pe adájọ́ ní aláìmọ̀kan.

Ní ọdún 2025, NIMC gbé ètò kan tí à ń pè ní NINAuth jáde fún orí tẹlifóònù, kí ẹni tí ó ni nọ́ńbà lè máa fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda kí iléeṣẹ́ tó wo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí àjọ náà ti ṣe, èyí ni ó súnmọ́ káàdì alájọ jù lọ, ó sì yẹ kí a yìn ín fún un. Ìṣòro rẹ̀ ni pé orí tẹlifóònù olówó ńlá tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbé. Ìyá tí ó ń lo tẹlifóònù kékeré oníbọ́tìnnì, tí ó gbé ìwé NIN tí wọ́n fi ọ̀rá bò sínú àpò owó rẹ̀, tí nọ́ńbà mọ́kọ̀ọ̀kànlá hàn gedegbe lórí rẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà ìkóríta, lọ́dọ̀ oní-síìmù àti lọ́dọ̀ báǹkì, kò tíì ní ojú káàdì kankan tí ó lè kà.